Fáìlì tí Excel àtijọ́ ò mọ̀: bí ẹ ṣe lè ṣí i, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì pé

Ẹ tẹ fáìlì kan lẹ́ẹ̀mejì, Excel 2003 ṣí, àmọ́ dípò orúkọ àti iye tí ẹ ń retí, àmì rúdurùdu ló kún ojú ìwé: onígun mẹ́rin lọ́tùn-ún, àmì ìbéèrè lósì, lẹ́tà tó dé fìlà láàárín. Lókè pátápátá, nínú sẹ́ẹ̀lì A1, lẹ́tà méjì kan dá yàtọ̀: PK. Ọ̀pọ̀ èèyàn á pa á dé kíá, wọ́n á ní fáìlì náà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. PK ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Phil Katz, ẹni tó dá irú fáìlì ZIP sílẹ̀. Ìyẹn ni pé fáìlì náà ti dárúkọ ara rẹ̀ fún yín, Excel yín ni ò gbọ́ èdè rẹ̀.

Nǹkan méjì ni mo ní láti sọ. Ẹ má gba orúkọ fáìlì gbọ́ títí ẹ ó fi wo inú rẹ̀. Bó bá sì ti ṣí tán, ẹ má gbà pé ó pé títí ẹ ó fi kà á.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà ná. Ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ máa fi ṣe gbogbo ìdánwò, kí ojúlówó wà níbi tó wà. Gbogbo èèyàn ló mọ èyí, ìwọ̀nba ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Excel àtijọ́ ní ìwà kan: bó bá ṣi fáìlì kà, tí ẹ wá ṣèèṣì tẹ Save, ohun tó ṣì kà yẹn ló máa kọ lé ojúlówó lórí, kò sì sí bí ẹ ṣe máa rí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi ìrù orúkọ fáìlì hàn yín. Ìrù ni mò ń pe àwọn lẹ́tà díẹ̀ tó máa ń tẹ̀ lé àmì ìdánudúró, bíi .xls tàbí .csv. Windows máa ń fi í pamọ́. Lórí Windows XP, ẹ ṣí fódà èyíkéyìí, ẹ lọ sí Tools, Folder Options, View, kí ẹ sì yọ àmì tó wà níwájú Hide extensions for known file types. Lórí Windows 10, View ni ẹ máa tẹ̀ lókè fódà, ẹ ó fi àmì sí File name extensions. Bí ẹ ò bá ṣe èyí, fáìlì tí ẹ rò pé ó ń jẹ́ isiro.xls lè máa jẹ́ isiro.xls.exe. Bí ẹ bá rí irú ìyẹn, ẹ má ṣí i rárá, kì í ṣe ìṣirò ló bá wá.

Ẹ rántí pé ìrù kì í ṣe ẹ̀rí. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Tí ẹ bá sọ .xlsx (ti Excel 2007 síwájú) di .xls (ti àtijọ́), ìwé ara ìgò lẹ pààrọ̀, ohun tó wà nínú ìgò ò yí padà. Mo ti rí àwọn tó fi gbogbo ọjọ́ yí ìrù fáìlì kan padà bí ẹni ń yí ṣaworo, tí wọn ò wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́

Ẹ ṣí Notepad, ẹ fa ẹ̀dà fáìlì náà sínú rẹ̀. Bó bá tóbi, yóò pẹ́ díẹ̀, ẹ ní sùúrù. Ìlà kìíní nìkan lẹ nílò. Ẹ má tẹ ohunkóhun, ẹ má sì fi pamọ́ láti ibẹ̀, torí fáìlì tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ lásán, Save ẹyọ kan nínú Notepad á bà á jẹ́ pátápátá.

Bí ẹ bá rí PK, ZIP ni. Ó lè jẹ́ .xlsx, .xlsm, .xlsb, .ods, tàbí .numbers ti Apple. Àpò tí wọ́n so lẹ́nu ni gbogbo wọn, ohun inú àpò ló yàtọ̀. Ẹ tún wo iwájú díẹ̀ sí i lórí ìlà kan náà. Bí ẹ bá kà á pé [Content_Types].xml, ìdílé Excel 2007 ló ti wá. Bí ẹ bá rí mimetype tí application/vnd.oasis.opendocument.spreadsheet lẹ̀ mọ́ ọn, .ods ni, láìka ohun yòówù tí wọ́n kọ sí ìrù rẹ̀ sí.

Bí ẹ bá rí ÐÏ àti à¡±, .xls gidi nìyẹn, irú èyí tí Excel 97 títí dé 2003 ń ṣe. Tí ẹ bá fi ètò tó ń fi nọ́ńbà inú fáìlì hàn wò ó, D0 CF 11 E0 lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ kà á bíi lẹ́tà, ẹ pe òdo ní O, ẹ pe 1 ní I tàbí L: DOCFILE. Àwọn tó ṣe é náà mọ eré ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó máa ń tan èèyàn jẹ. Fáìlì .xlsx tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK mọ́, ÐÏ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ti kó àpò náà sínú àpótí ti àtijọ́. Nítorí náà, bí ìrù bá jẹ́ .xlsx tí inú sì jẹ́ ÐÏ, ẹ má wulẹ̀ máa wá ètò tó máa tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ aṣínà ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́.

Bó bá jẹ́ <html tàbí <table, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ló wọ aṣọ Excel. Bó bá jẹ́ <?xml tí ẹ sì rí Workbook ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, Excel 2002 àti 2003 á ṣí i fúnra wọn. %PDF ni PDF, ẹ fi Excel sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ lè kà, tí kọ́mà tàbí àmì ; ń pín in sí wẹ́wẹ́, CSV ni, mo sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ lórí ìyẹn.

Bó bá jẹ́ PK

Ọ̀nà tó kúrú jù kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ pe ẹni tó fi fáìlì náà ránṣẹ́, ẹ ní kó lo Save As, kó yan Excel 97-2003 Workbook, kó tún un fi ránṣẹ́. Àmọ́ kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ bi í pé ìlà mélòó ló wà nínú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ bi í ni pé .xls kò lè gbà ju ìlà 65,536 àti òpó 256 lọ. Ti .xlsx jẹ́ ìlà 1,048,576 àti òpó 16,384. Ohun tó bá lé, gígé ni wọ́n máa gé e. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Ní oṣù October 2020, Public Health England, àjọ ìlera ilẹ̀ England nígbà náà, sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé èèyàn 15,841 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní àrùn Kòrónà kò wọ inú iye ojoojúmọ́ láàárín 25 September sí 2 October. Fáìlì .xls ni wọ́n ń kó èsì àyẹ̀wò náà sí. Ó kún, èyí tó kù ò ráyè wọlé. Bí iye ìlà bá ju 65,536 lọ, ẹ ní kí wọ́n pín in sí fáìlì méjì tàbí mẹ́ta fún yín.

Bí ẹni tó fi ránṣẹ́ ò bá ṣeé rí, ó di ọwọ́ yín. Nígbà kan, Microsoft ní àfikún tó ń jẹ́ Compatibility Pack, èyí tó ń jẹ́ kí Office 2000, XP àti 2003 ka .xlsx. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀. Bó bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà yín tẹ́lẹ̀, ẹ máa lò ó lọ. Bí kò bá sí, ẹ má lọ máa gbà á láti ojú ìwé tí ẹ ò mọ bàbá rẹ̀, irú ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ti ń wọlé.

Èmi LibreOffice ni mò ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ka .xlsx, .ods àti ọ̀pọ̀ fáìlì ayé àtijọ́ tí Excel fúnra rẹ̀ ti kọ̀ lọ́mọ. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ṣì wà lórí Windows XP tàbí Vista, LibreOffice 5.4 ni èyí tó kẹ́yìn tó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, láti 6.0 lọ ó ti di Windows 7. Ẹ ṣí fáìlì náà nínú Calc, ìyẹn apá ìṣirò LibreOffice, ẹ lọ sí File, Save As, ẹ yan Excel 97-2003, ẹ fún un ní orúkọ tuntun. Yóò bi yín bóyá kó fi í sí irú ti ara rẹ̀, ìyẹn ODF. Ẹ kọ̀, ti Excel lẹ fẹ́.

Bí fáìlì bá pọ̀, ẹ má jókòó máa ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹ pa LibreOffice dé pátápátá, ẹ ṣí ojú àṣẹ (Command Prompt) nínú fódà tí soffice wà, kí ẹ sì tẹ èyí, pẹ̀lú ibi tí fáìlì yín wà gan-an:

soffice --headless --convert-to xls --outdir C:\titun C:\isiro\osu1.xlsx

Pípa á dé yẹn ṣe pàtàkì. Bí LibreOffice bá ṣì ṣí níbì kan, àṣẹ yìí lè kọjá lọ wẹ́rẹ́ láì ṣe nǹkankan, kò sì ní bá yín wí.

Ó ku ọ̀nà kan fún fáìlì tó kọ̀ jálẹ̀. Ẹ yí ìrù ẹ̀dà náà padà sí .zip (níbí nìkan ni mo ti fọwọ́ sí i pé kí ẹ yí ìrù padà), kí ẹ sì tú u. Nínú .xlsx, ẹ ó bá fódà xl, nínú rẹ̀ ni worksheets wà, sheet1.xml sì wà níbẹ̀. Ẹ fi Notepad ṣí i, ẹ lè rí irú nǹkan báyìí:

<c r="B2" t="s"><v>14</v></c>

Èyí kì í ṣe pé 14 ló wà ní B2. t="s" yẹn ń sọ pé ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ náà ń gbé nínú fáìlì kejì tó ń jẹ́ sharedStrings.xml, nílé kẹrìnlá. Òdo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé, nítorí náà ọ̀rọ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ ó mú. Bí kò bá sí t="s" tàbí t mìíràn, nọ́ńbà gidi ni. Iṣẹ́ aláápọn ni, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iye ogún péré lẹ fẹ́ yọ jáde nínú fáìlì tó ti kú, ó tó bẹ́ẹ̀. Ti .ods rọrùn jù: inú content.xml ni gbogbo rẹ̀ wà. Nínú .numbers, àwòrán ojú ìwé kìíní tó ń jẹ́ preview.jpg sábà máa ń wà, ó kéré tán ẹ ó fojú rí ohun tí ẹ ń wá.

CSV

CSV ni gbogbo èèyàn ń fojú di, òun náà ló sì ń bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ jù. Ó máa ń ṣí ní tiẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Excel á ti tún nọ́ńbà yín ṣe bó ṣe wù ú kí ẹ tó ríran.

Ẹ wo nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo: òdo yẹn á pòórá. Nọ́ńbà tó bá gùn ju ẹyọ 11 lọ á di nǹkan bíi 1.23457E+11. Èyí tó bá ju 15 lọ, Excel á sọ gbogbo ìyókù di òdo, kò sì sí ọ̀nà àbáyọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi pamọ́. 3-4 tí ẹ kọ á di déètì. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ lórí jíìnì jìyà èyí títí tó fi sú wọn: lọ́dún 2020, HGNC, ìgbìmọ̀ tó ń fún jíìnì èèyàn lórúkọ, kéde ìlànà tuntun, jíìnì MARCH1 sì di MARCHF1, SEPT1 di SEPTIN1, nítorí Excel ń sọ wọ́n di oṣù March àti September. Ó rọrùn fún wọn láti tún jíìnì sọ lórúkọ ju kí wọ́n dúró de Excel.

Àwa tó ń kọ Yorùbá tún ní tiwa. UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà oríṣiríṣi èdè pamọ́, máa ń lo báìtì mẹ́ta fún lẹ́tà ẹ. Bí Excel 2003 bá ṣí CSV náà tààrà, yóò ka báìtì kọ̀ọ̀kan bíi lẹ́tà kan. Ẹ á wá rí áº¹ níbi tó yẹ kí lẹ́tà ẹ wà, á¹£ á sì dúró níbi ṣ. Bí ẹ bá ti rí áº¹ nínú orúkọ ẹnì kan, ẹ má jókòó máa fi ọwọ́ tún un kọ. Ẹ pa á dé láìfi í pamọ́, kí ẹ sì gba ọ̀nà yìí:

1. Ẹ yí ìrù ẹ̀dà CSV náà padà sí .txt. Ọ̀rọ̀ lásán ni, kò ní ṣe é ní nǹkankan. Bó bá ń jẹ́ .csv, Excel á kàn ṣí i láìbi yín ní ohunkóhun. Bó bá ń jẹ́ .txt, yóò gbé Text Import Wizard wá.
2. Nínú Excel, ẹ lọ sí File, Open, ẹ yan All Files, kí ẹ sì mú fáìlì náà.
3. Lójú ìwé kìíní, ẹ yan Delimited. Níbi File origin, ẹ wá 65001: Unicode (UTF-8). Ẹ wo àpẹẹrẹ ní ìsàlẹ̀, áº¹ á ti di ẹ.
4. Lójú ìwé kejì, ẹ yan ohun tó ń pín wọn: Comma, Semicolon tàbí Tab. Ẹ ó rí i bí ìlà ṣe máa là wọ́n sí òpó. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì lẹ̀ pọ̀ sójú kan, èyí tí ẹ yàn kọ́ ni.
5. Ojú ìwé kẹta ni ẹ̀mí iṣẹ́ yìí wà. Ẹ tẹ òpó tó ní nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tàbí nọ́ńbà àkáǹtì, kí ẹ yan Text. Ẹ tẹ òpó déètì, ẹ yan Date, kí ẹ sì yan DMY bó bá jẹ́ ọjọ́ ló ṣáájú oṣù. Bó bá jẹ́ fáìlì tó ń fi kọ́mà kọ ìdá, irú bíi 12,5, ẹ tẹ Advanced kí ẹ tún un ṣe níbẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń fi kọ́mà kọ ìdá, irú bíi Jámánì àti Faransé, ló sábà máa ń fi àmì ; pín CSV. Ìdí nìyẹn tí fáìlì wọn fi máa ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ sínú òpó A.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín kún un. Bí lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú CSV bá jẹ́ ID, lẹ́tà ńlá méjèèjì, Excel á figbe ta pé fáìlì SYLK ni àti pé kò péye. SYLK jẹ́ irú fáìlì ayé ọjọ́un, ID ni òun náà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí CSV náà nínú Notepad, ẹ sọ ID di id, ẹ fi pamọ́. Ó parí. Níbí, ẹ lè fi pamọ́ nínú Notepad, nítorí ọ̀rọ̀ lásán ni, ẹ ṣáà rí i pé UTF-8 ló wà níbi Encoding.

Àwọn tó kù

HTML tó wọ aṣọ .xls: èmi fúnra mi gba àkọsílẹ̀ owó kan bẹ́ẹ̀ rí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Excel 2003 ṣí i wẹ́rẹ́, Excel 2007 ní orí kọ̀ǹpútà kejì sì ń kìlọ̀ fún mi pé inú fáìlì àti ìrù rẹ̀ ò bára mu. Òótọ́ ló sọ. Bí ẹ bá mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹ tẹ Yes, kí ẹ sì fi Save As sọ ọ́ di .xls gidi lójú ẹsẹ̀.

.gsheet kò ní iye kankan nínú. Àdírẹ́sì ibi tí ìwé náà wà lórí Google nìkan ló wà níbẹ̀, nítorí náà kò sí ètò tó lè yọ nǹkan jáde nínú rẹ̀. Ẹni tó ni ín ni kó lọ sí File, Download, kó sì fi .xlsx tàbí CSV ránṣẹ́. Fún .numbers náà, ẹ ní kó lo Export To, Excel.

Fáìlì Lotus 1-2-3, bíi .wk1 àti .wk3, kún inú dísíìkì àtijọ́. Ìyàlẹ́nu ibẹ̀ ni pé Excel 2003 mọ̀ wọ́n, Excel 2007 ló lé wọn jáde. Àmọ́ bí ẹ bá ti fi Service Pack 3 sórí Office 2003, òun náà á dí ọ̀nà mọ́ wọn nítorí ààbò. LibreOffice á ṣí wọn. .dbf ti dBase: Excel 2007 lè ṣí i, kò lè fi í pamọ́ padà bíi .dbf mọ́. Ẹ fi 2003 tàbí LibreOffice ṣe é bí ẹ bá fẹ́ dá a padà síbi tó ti wá.

Ó ti ṣí. Ẹ kà á

Ẹ tẹ Ctrl+End. Yóò gbé yín lọ sí sẹ́ẹ̀lì ìkẹyìn. Bí ìlà náà bá jẹ́ 65536 gẹ́lẹ́, ẹ má ṣiyèméjì, wọ́n ti gé e. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi iye ìlà wé ohun tí ẹni tó fi ránṣẹ́ sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fàmì sí òpó owó kan, kí ẹ wo àròpọ̀ tí Excel kọ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹ sì fi wé àròpọ̀ tiwọn. Nọ́ńbà tó bá fara ti apá òsì sẹ́ẹ̀lì, ó ti di ọ̀rọ̀, kò sí nínú àròpọ̀ yẹn.

Ẹ wo fọ́múlà. IFERROR, SUMIFS àti COUNTIFS dé pẹ̀lú Excel 2007, 2003 kò mọ̀ wọ́n rí. Iye tí wọ́n ti ṣírò tẹ́lẹ̀ lè ṣì máa hàn, àmọ́ bí ẹ bá ti fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì náà, #NAME? ló kù. Kí ẹ tó tún nǹkankan ṣe, ẹ kọ́pì òpó náà, ẹ lọ sí Edit, Paste Special, Values, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí iye náà má bàa sọnù.

Bí déètì gbogbo bá fi ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan yẹ̀, Excel ti Macintosh àtijọ́ ni fáìlì náà ti wá. 1904 ni àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́, ti Windows jẹ́ 1900. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 1,462. Bí ẹ bá kọ́pì wọn sínú ìwé tiyín, ẹ fi 1462 kún déètì kọ̀ọ̀kan.

Bó bá sì bi yín bóyá kó jẹ́ kí macro, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ sínú fáìlì kó lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ṣiṣẹ́, ẹ tẹ Disable. Láti 8 April 2014 ni Microsoft ti dẹ́kun títún Office 2003 ṣe, nítorí náà ihò tí ẹnikẹ́ni bá rí nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Iye inú sẹ́ẹ̀lì á hàn láìsí macro. Bí fáìlì kan bá takú pé òun ò ní fi iye hàn àfi kí ẹ tẹ Enable, ẹ pa á dé, kí ẹ pe ẹni tó fi ránṣẹ́ lórí fóònù kí ẹ tó tún un ṣí.